Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọkàn Ìyá Ìkókó

Nígbà tí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ fún un ni "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn àgbà kò ṣèèṣì fi ọ̀rọ̀ ewu sínú ìkíni yìí, wọ́n mọ irú ibi tí abiyamọ kúnlẹ̀ sí kí ọmọ tó délẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó wá kíni tó jókòó tán, ọ̀rọ̀ á ti kúrò lórí ìyá, á ti bọ́ sórí ọmọ: ta ni ó jọ, ṣé ó ń mu ọmú, kí ni wọn yóò sọ ọ́. Ìyá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kí kú ewu á wá di ẹni tí a ń retí pé kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó máa dúpẹ́, kí ó dìde gba àlejò, kí ó sì mọ gbogbo iṣẹ́ abiyamọ bí ẹni pé ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti dáyé. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọkọ, fún ìyá ọkọ, fún ìyá ìyàwó àti fún obìnrin náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ewu tí à ń kí i kú yẹn kì í parí lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ó lè bá a gbé inú ilé fún odidi ọdún kan, pàápàá èyí tó jẹ mọ́ ọkàn, tí ojú kì í tètè rí.

A máa ń sọ pé ìyá ni wúrà, a sì máa ń sọ pé òrìṣà bí ìyá kò sí. Ọ̀rọ̀ iyì ni, n kò sì fẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tí í bi òrìṣà léèrè bóyá ó sùn lánàá. Obìnrin tí a bá gbé ga tó báyìí ni ó máa ń ṣòro fún jù láti sọ pé ó ti rẹ òun, nítorí ẹ̀rù á máa bà á kí wọ́n má baà pè é ní aláìmoore, nígbà tí àwọn mìíràn ń gbààwẹ̀ lórí ohun tí Ọlọ́run fún un. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti máa ń sunkún, n ó sì ṣí ẹ̀rọ omi kí ìyá ọkọ mi má baà gbọ́. Ìyá náà kò ṣe mí ní ibi kankan. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wẹ ọmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, títí kan èmi fúnra mi, tó mọ ohun tí à ń pe nǹkan tó ń ṣe mí.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀

Ohun mẹ́ta ni ó máa ń dàpọ̀ mọ́ra lójú ará ilé, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Èkíní ni ẹkún tó máa ń dé ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní họ́mọ̀nù, tí oyún ti mú pọ̀ sí i, á já wálẹ̀ lójijì. Oorun kò tó. Ọmú ń kún. Ojú ibi tó ya ń ta á. Obìnrin náà lè máa rẹ́rìn-ín báyìí, kí omijé sì lé ròrò sí i lójú kó tó pẹ́ títí. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìyá ni èyí máa ń ṣe, kì í sì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Oorun, oúnjẹ gbígbóná àti ẹni tí kò ní bá a wí ni oògùn rẹ̀.

Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí àwọn kan ń pè ní ìsoríkọ́. Bí ẹkún yẹn bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí bí ìbànújẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ti pé oṣù mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà, ẹ má ṣe kà á sí àṣejù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí obìnrin 13 nínú 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ káàkiri àgbáyé ni àìsàn tó jẹ mọ́ ìrònú ọkàn máa ń bá jà, ìrẹ̀wẹ̀sì ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀; ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣì ń gòkè àgbà bíi tiwa, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 nínú 100. Bí ìyá márùn-ún bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ọmọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa gbé e mọ́ra láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àmì rẹ̀ nílé wa kì í sì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ẹkún. Ọ̀pọ̀ obìnrin á sọ pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan kan ń rìn lára òun, pé àyà òun ń já, pé gbogbo ara òun wúwo, wọ́n á sì máa lo oògùn ibà lórí oògùn ibà. Àwọn mìíràn kì í lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn. Wọ́n á máa wo ọmọ bí ẹni tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ, ọkàn wọn á sì máa dá wọn lẹ́bi nítorí rẹ̀. Ìbínú ni ti àwọn kan, ará ilé á sì sọ pé ìwà rẹ̀ ti yí padà láti ìgbà tó ti bímọ.

Ẹ̀kẹta ni abísínwín. Orúkọ tí àwọn àgbà fún un nìyẹn, ó sì fi hàn pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìyá 1 tàbí 2 nínú 1,000 ni ó máa ń ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà lè má sùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, síbẹ̀ kò ní rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní lórí, kò ní nídìí. Á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè sọ pé ọmọ náà kì í ṣe tòun, tàbí pé wọ́n rán an wá láti pa òun. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sì ṣe fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ nínú yàrá kódà fún ìṣẹ́jú kan. Òun ni ó léwu jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń gbọ́ ìtọ́jú dáadáa bí a bá tètè gbé e débẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó dé

Oṣù keje oyún dára láti jókòó sọ̀rọ̀. Ọkọ ni kí ó pe ìjókòó náà, nítorí bí ìyàwó bá pè é, wọ́n lè sọ pé ó ń lé àwọn ẹbí ọkọ. Ta ni yóò wá wẹ ọmọ, ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò sì lò? Ta ni yóò máa dáná? Ta ni yóò gbé ọmọ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru kí ìyá lè sùn? Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni tó fẹ́ kí ó kọ́kọ́ dé, bóyá ìyá rẹ̀ ni o tàbí ìyá ọkọ rẹ̀, kí ọkọ sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ẹni pé ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni.

Ẹ má ṣe fojú kéré ìjókòó yìí. Ní ayé àtijọ́, inú agbo ilé ni obìnrin ń bímọ sí. Ìyálé wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé wà, àwọn ọmọge tó lè gbé ọmọ pọ̀n wà, ẹnikẹ́ni sì lè gbé ìkòkò kaná fún ìyá ìkókó láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Lónìí, tọkọtaya ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìkòròdú tàbí ní Àkúrẹ́, ọkọ ti jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí kí ó má baà há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, àwọn ará ilé kejì kò tilẹ̀ mọ orúkọ ara wọn. Igba ojú ti dín kù di ojú méjì, àmọ́ iṣẹ́ igba ojú ni a ṣì ń retí lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú méjì náà. Ibí yìí gan-an ni mo gbà pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Àṣà wa kò burú sí ìyá; apá kan nínú rẹ̀ ni a gbé dání, èyí tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ju èyí tó ń ràn án lọ́wọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà gbọ́dọ̀ yanjú ní ìjókòó yẹn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni wọ́n ti máa ń gbàdúrà fún aboyún pé kí ó bímọ bí obìnrin Hébérù, débi pé ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ á máa fi í pa mọ́ bí ẹni tó jalè. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí 1, ẹsẹ 19, àwọn agbẹ̀bí ni wọ́n sọ fún Fáráò pé àwọn obìnrin Hébérù lágbára, wọ́n sì ti máa ń bímọ kí agbẹ̀bí tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀mí àwọn ọmọkùnrin tí ọba ní kí wọ́n pa ni ọ̀rọ̀ náà dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gba ẹ̀mí là kò yẹ ní ohun tí a ó máa fi dẹ́rù ba obìnrin tí ọmọ dábùú sí nínú. Kí ọkọ sọ ọ́ síta níwájú gbogbo ẹbí pé ọ̀nà tí dókítà bá ní ó dára ni ìyàwó òun yóò gbà bímọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn náà.

Ní ti iṣẹ́, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 16, ìjọba sì fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ 14 fún baba ọmọ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2022. Kí àwọn baba tó ní ẹ̀tọ́ sí i gbà á, kí wọ́n sì lò ó nílé. Obìnrin tó ń ta ọjà kò ní ọ̀gá tí yóò fún un nísinmi, nítorí náà àjọ tí òun àti ọkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá láti oṣù kẹrin oyún ni yóò jẹ́ kí ó lè jókòó sílé láìronú ibi tí owó ọbẹ̀ yóò ti wá.

Ogójì ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ má ṣe pa ìwẹ̀ àti ìtọ́jú àtijọ́ tì. Ẹ kàn tún un ṣe. Kí ìyá àgbà wẹ ọmọ, kí wọ́n fi òrí pa á lára, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa sùn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Omi gbígbóná tí a fi ń tẹ ikùn kò yẹ fún ẹni tí a fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n sì rán lójú ara kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú omi tó ń hó. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó. Bí obìnrin náà bá sọ pé ó ń dun òun, ẹ dúró. Àwọn kan gbà pé ìyá ìkókó tó bá ń pariwo níbi omi gbígbóná kò tíì gbó, bẹ́ẹ̀ ni ara tó ti ya kò nílò ìdánwò mìíràn.

Ẹ̀kọ gbígbóná, àmàlà àti ewédú, ẹja àti ẹyin, kí ẹ gbé e tọ̀ ọ́ níbi tó jókòó sí, kí ó jẹ ẹ́ nígbà tí ó ṣì gbóná. Èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé, síbẹ̀ mo ti rí ilé tí ìyá ìkókó ti ń bu oúnjẹ fún àlejò mẹ́jọ kí òun tó fi ẹnu kan nǹkan.

Oorun ni mo fẹ́ kí ẹ mú le jù lọ. Bí ẹ kò bá lè ṣe ohun mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ wá bí ìyá yóò ṣe rí wákàtí mẹ́rin sùn pọ̀ láìdáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kí ó fún ọmọ lọ́mú tán, kí ọkọ tàbí ìyá àgbà gbé ọmọ lọ sí yàrá kejì, kí wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọkọ lè sọ fún ìyá rẹ̀ báyìí pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, oorun ni a fẹ́ fi tọ́jú ìyàwó yín lóru òní. Èmi ni n ó dúró ti ọmọ." Ìyá tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kì í kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lẹ́yìn oorun ni ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ, a kò sì ní yí i padà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n rán lójú ara ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn ni a ń ní kí ó pàrọ̀ aṣọ nígbà mẹ́ta, kí ó kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà, kí ó sì jó. Ẹ fi òwúrọ̀ ṣe orúkọ náà pẹ̀lú oyin, iyọ̀, obì, orógbó, omi àti ataare, kí ìyá jókòó sórí àga, kí ó sì wọlé lọ sùn nígbà tí wọ́n bá ti dárúkọ tán. Bí ẹ bá fẹ́ se ìrẹsì fún gbogbo àdúgbò, ẹ lè ṣe é nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ọmú pẹ̀lú máa ń fa ẹkún. Ọmú nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, omi tó wà nínú rẹ̀ sì tó o nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá, nítorí náà kí àwọn àgbà má ṣe sọ fún ìyá pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ rẹ̀. Bí orí ọmú bá bó, tàbí bí ọmọ kò bá rí mu, nọ́ọ̀sì ni kí ó wo bí ọmọ ṣe ń gbé e sẹ́nu. Bí dókítà bá wá ní kí wọ́n fi wàrà inú agolo kún un, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú aláìlérè wo obìnrin náà.

Bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀

"Báwo ni ìyá ọmọ?" kì í ṣe ìbéèrè, ìkíni ni, "A dúpẹ́" sì ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ jókòó tì í ní òun nìkan, kí ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì béèrè ohun tí kò ṣeé fi ọpẹ́ dáhùn. Ìbéèrè méjì tó ti wúlò púpọ̀ fún àwọn oníṣègùn nìyí: láti oṣù kan sẹ́yìn, ṣé ọkàn rẹ ti máa ń bàjẹ́ tàbí kí ó máa ṣe ọ́ bíi pé kò sí ìrètí? Ṣé àwọn ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọ? Èmi máa ń fi ẹ̀kẹta kún un: bí ọmọ bá ti sùn, ṣé ìwọ náà máa ń rí oorun sùn? Nílé ìwòsàn, wọ́n lè lo ìbéèrè 10 tí wọ́n ṣe ní Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1987, tó ń béèrè nípa ọjọ́ 7 tó kọjá, tí àwọn dókítà ní Nàìjíríà náà sì ti dán wò láàárín àwọn ìyá wa.

Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe já a lẹ́nu. Ẹ má ṣe sọ pé "Ṣé ìwọ ni àkọ́kọ́ tó máa bímọ ni?" Ẹ má ṣe ka iye ọmọ tí ẹ̀yin bí láìsí iná mànàmáná fún un. Ẹ má ṣe ní kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi. Ìyá ọkọ lè sọ pé: "Ìyàwó mi, mo gbọ́. Ó ṣe èmi náà rí, n kò rí ẹni sọ ọ́ fún ni." Bí ó bá ṣe yín rí lóòótọ́, kò sí oògùn tó tó gbólóhùn yẹn.

Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè nípa ikú pẹ̀lú. Ẹ bi í pé: "Ṣé ó ti ṣe ọ́ bíi kí o kú, tàbí bíi kí o ṣe ara rẹ tàbí ọmọ ní jàǹbá?" Ẹ̀rù máa ń bà wá pé ìbéèrè náà ni yóò fi èrò sí i lọ́kàn, àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa ń jẹ́ ìtura fún ẹni tí èrò náà ti wà lọ́kàn rẹ̀ pé ẹnìkan lè gbọ́ ọ láìsá. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Fún ìwọ tí ó ń ṣe, bí ó bá ṣòro láti sọ pé ọkàn rẹ bàjẹ́, sọ ohun tí o nílò. Kúnlẹ̀ bí àṣà bá béèrè, kí o sì sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara mi kò gbé e mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gba ọmọ di aago mẹ́rin." Àárẹ̀ kì í ṣe àìmoore, Ọlọ́run tó fún ọ lọ́mọ kò sì ní bínú nítorí pé o sùn.

Ibi tí a ń gbé e lọ

Ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ibi àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni ọmọ ń padà lọ gba abẹ́rẹ́ lẹ́yìn èyí tó gbà nígbà tí wọ́n bí i; ẹ fi ọjọ́ wọ̀nyí ṣe ọjọ́ ìyá náà. Kí ọkọ tẹ̀ lé e, kí ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìyá kò sùn, pé kò jẹun, pé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ máa ń mú kí ara rẹni, kí ọkàn sì rẹ̀wẹ̀sì. Ìtọ́jú tí wọn yóò fún un lè jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ó sì lè jẹ́ oògùn. Oògùn wà tí ìyá lè máa lò kí ó sì máa fún ọmọ lọ́mú, dókítà ni yóò yàn án.

Bí ó bá le, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró wà ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá wà ní Èkó, àwọn oníṣègùn ọpọlọ sì wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn. Orúkọ Aró ṣì máa ń ba àwọn kan lẹ́rù. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀, nínú èyí tí àwọn aláìsàn ń gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n ń jẹun pa pọ̀, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ọmọ Yorùbá ni ó fi han ayé pé ará ilé jẹ́ ara oògùn. Ẹ lè gbàdúrà, kí pásítọ̀ tàbí àlùfáà gbàdúrà pẹ̀lú yín; àmọ́ kí wọ́n má ṣe dè é mọ́lẹ̀, kí wọ́n má ṣe nà án, kí wọ́n má sì ní kí ó gbààwẹ̀ tàbí kí ó dá oògùn dúró.

Àwọn tó ń bímọ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Manchester kò ní igba ojú rárá, bí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú màmá bá pẹ́ kó tó jáde. Agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé yóò bi yín léèrè nípa ọkàn yín, dókítà náà yóò tún bèèrè ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ọ̀pọ̀ wa ló ń dáhùn pé kò sí wàhálà nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n lè gba ọmọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni láti tọ́jú ìyá kí òun àti ọmọ lè wà pọ̀, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn.

Bí ọdún bá yí po, àwọn ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àbúrò, pàápàá bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ obìnrin. Kí ọkọ gba ọ̀rọ̀ náà sí ara tirẹ̀, kí ó sọ pé òun ni òun fẹ́ kí àwọn sinmi, kí àwọn méjèèjì sì lọ bá nọ́ọ̀sì fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Nígbà tí oyún kejì bá wá dé, ọjọ́ tí wọ́n bá lọ forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún agbẹ̀bí pé ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí abísínwín ti ṣe é rí, nítorí ẹni tó bá ti ṣe rí ni ó rọrùn jù fún un láti padà ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀, kí wọ́n sì ti yan ẹni tí yóò máa wò ó láti ọjọ́ tó bá bímọ.